Ẹja Inú Garawa

Inú mọ́tò tó ń ti Ẹ̀rúwà lọ sí Igbó-Ọrà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ọkùnrin kan tó gbé garawa ẹja àrọ̀ sáàárín ẹsẹ̀ àti ìyá àgbà tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi, ṣé títà lẹja yìí?"

"Rárá, Màmá. Ilé iṣẹ́ aṣọ wa ni mò ń gbé e lọ. Inú kòtò tí omi aró ń gbà kó tó dé odò là ń kó wọn sí. Tí àwọn wolé-wolé bá ti rí i pé ẹja wà láàyè níbẹ̀, wọ́n á ní omi wa ò léwu."

"Ṣé wọ́n sì ń yè?"

Ó bojú wẹ̀yìn kó tó rọra dáhùn. "Wọn kì í pẹ́ kú. Tí wolé-wolé bá ti ń bọ̀, ọ̀gá á ní kí n lọ ra òmíràn pààrọ̀. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má sọ ọ́ síta, wọ́n á lé mi."

"Odò wo ni?"

Ó dárúkọ rẹ̀. Ìyá wo inú garawa náà.

"Odò tí à ń pọn mu lábúlé wa nìyẹn. Inú ń run ọmọ ọmọ mi, òun ni mò ń lọ wò ní ọsibítù Igbó-Ọrà. Ẹja tó bá kú, ẹ ń rí òmíràn pààrọ̀. Kí lèmi ó fi pààrọ̀ ọmọ?"