Àìrẹ̀, Àjàrà Bàbá Dàda

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àárẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi pamọ́. Èmi Sàfúrátù, ọmọ tí Bàbá Dàda wò dàgbà, mo ti lọ́kọ! Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n so yìgì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò kéde rẹ̀ fún yín. Ikú kò jẹ́, òun la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yìí. Ẹ má wo ẹ̀rín ẹnu mi, omijé ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn wa. Ó rẹ̀ yín náà. Àmọ́ ẹ gbójú sókè. Ibòji tí a jókòó sí yìí, ta ló gbìn ín? Ará Spéènì kan tó ń tún moto ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní àdúgbò wa, Gounghin níbí, ló fún un ní ẹ̀ka àjàrà funfun yìí. Ó ní láti La Mancha ni, ilẹ̀ gbígbẹ bíi tiwa. Ó ní àwọn baba ńlá àwọn ti ń gbìn ín tipẹ́, wọ́n ń fún wáìnì nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe ọtí líle. Airén lorúkọ rẹ̀.

Bàbá ní, "Kí lo wí? Àìrẹ̀? Ewé tí kì í rẹ̀! D'accord, mú un wá!"

Félix aládùúgbò wa ní, "Tonton, Airén ni o."

Ó ní, "Yorùbá ni mo fi ń bomi rin ín, Yorùbá ló ń jẹ́."

Ẹ ò rí orí kunkun! Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ta ló tún ń pè é ní Airén láàárín wa?

Nígbà tí ìjọba ní ká má jẹ èso òkèèrè mọ́, àwọn ọmọ CDR, ẹ̀ṣọ́ ìjọba ní àdúgbò, wọlé wá: "Camarade, èyí ńkọ́?" Bàbá já ìdì kan fún wọn. "Òkèèrè kẹ̀? Inú àgbàlá yìí ni mo ti ṣe ìkómọ rẹ̀." Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní barka, wọ́n dúpẹ́ lọ.

Bàbá kò fi í pọn ọtí rí. A ń jẹ ẹ́ ní tútù, a ń sá a gbẹ fún ìṣínu ààwẹ̀.

Bàbá Sùlàímọ́nù, ẹ̀yin àbúrò olóògbé, láàárọ̀ ẹ ní ìtàkùn ọtí ni, ẹ ó gé e ká tó ṣe fìdáù. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi. Ọtí kò sí nínú ìtàkùn, ọwọ́ èèyàn ló ń pọn ọ́n. Kì í sì í ṣe ogún mọ́. Bàbá Dàda fi í ta Tàófíìkì ọkọ mi lọ́rẹ, Tàófíìkì sì fi í ṣe sọ̀dáàkí mi. Àfáà Bùràímọ̀ tó so yìgì náà ló jókòó yìí, ẹ bi wọ́n. Ẹ gbọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni! Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tí ọkọ mi fi fẹ́ mi.

Bàbá Dàda, bàbá mi, ó ti rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín, kó tan iná síbẹ̀. Èmi ni n ó máa bomi rin ín, Yorùbá náà ni n ó sì máa bá a sọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, fìdáù Bàbá àti wàlímọ̀ mi, ọjọ́ kan náà ni, àṣẹ tí ó pa nìyẹn. Èso á ti gbó. Kí ẹnikẹ́ni má mú àáké wá. Kí gbogbo yín pé sábẹ́ Àìrẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ọdún 1987.