Kọ̀ǹpútà Kọ́láwọlé Kò Jẹ́ Ká Dé Ọ̀rà

Èmi ò mọ nǹkan kan o, Bọ̀dá Àlàó. Ìwé mẹ́fà péré ni èmi Ọládùnní àbúrò yín kà, mi ò mọ ìyàtọ̀ kọ̀ǹpútà àti tìréè. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni Kọ́láwọlé ọmọ yín ti fi mí ṣe é níwájú àwọn àna wa ní Ọ̀rà.

Ẹ má tíì máa fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná. Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán mi pé kí n lọ bá àwọn òbí Tolúwalọpẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́? Mo dá a. Iṣu ogójì, obì, orógbó, gbogbo ẹ̀ pé sí pálọ̀ mi. Ó di àárọ̀ Sátidé, ọkọ ìyàwó ní òun ò lè dìde. Kí ló dé? Ó ní kọ̀ǹpútà òun ń ṣírò fún ẹ̀kọ́ irin tóun ń kọ́. Ó ní bí èèyàn bá yọ́ bàbà mọ́ alumíníọ̀mù, apá kan lè ti dì kí apá kan ṣì jẹ́ omi, òun sì fẹ́ mọ ìwọ̀n tí yóò dì àti ìwọ̀n tí yóò máa ṣàn, nínú àpòpọ̀ ẹgbàárùn-ún. Bí iná bá lọ, òun gbọ́dọ̀ wà nítòsí láti tan jẹnẹrétọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìṣírò náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ó ní èdè tóun fi ń bá a sọ̀rọ̀ ń jẹ́ Páítọ̀nù. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní òjòlá ni. Èyí tó gbé odindi ewúrẹ́ mì, níbo lẹ ti rí i kó máa sáré?

Ni mo bá gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rà, mo purọ́ pé ibà ló mú un. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní ó fi ẹsẹ̀ rọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi díákónẹ́ẹ̀sì, mo ní eyín ń dùn ún. Ìyá ìyàwó wò mí títí, ó bi mí bóyá ó ku ibì kan lára ọmọ náà tí kò tíì dùn ún.

Tolúwalọpẹ́ ló wá wò ó fúnra rẹ̀. Àṣé òun náà gbọ́ èdè òjòlá yẹn. Ó ka ohun tí Kọ́láwọlé kọ, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ìwé ńlá kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ìwà gbogbo irin wà nínú rẹ̀, Kọ́láwọlé sì ní kó máa ṣí i, kó kà á látòkè délẹ̀, kó pa á dé, fún àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbàárùn-ún ìgbà, Bọ̀dá. Bí ẹni tó lọ oko, tó wa iṣu kan, tó gbé e wálé, tó tún padà lọ wa èkejì. Ó tún ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀rọ ọ̀hún, ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́, méje ń wòran bí ìgbìmọ̀ ẹbí wa. Ó ní kó ṣí ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pín iṣẹ́ fún àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìṣírò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta parí kí iṣu tí mo gbé kaná tó jinná.

Mo jó. Mo ní ó tán, Sátidé yìí la ń lọ.

Ẹ máa gbọ́. Ọmọ yín ní nígbà tó ti yá báyìí, kí àwọn fi irin mẹ́ta mìíràn kún un. Ìyàwó ní kó jẹ́ mẹ́rin. Àpòpọ̀ di ọ̀kẹ́ lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Láti Mọ́ńdè làwọn méjèèjì ti jókòó tì í, èjìká kan èjìká, wọ́n ń pín ẹ̀pà jẹ, wọ́n ní yóò gbà tó oṣù kan, ká bá àwọn sún ọjọ́ síwájú. Bàbá ìyàwó sì ti búra pé bí a ò bá dé ní Sátidé, ká má wá mọ́.

Ẹ̀yin lẹ mọ àṣà, Bọ̀dá. Ṣé wọ́n máa ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láìsí ọkọ, láìsí ìyàwó?