Ta Ló Ri Igi Sójú Ọ̀nà Ẹyẹ Omi?

Ó tó gẹ́ẹ́. Ikùn mi ò lè gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ tó kọjá mo sọ ọ́ lójú àwọn olórí apẹja nínú àgbàlá mi ní Ajara, l'Àgbádárìgì níbí. Lónìí mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á. Èmi Fàsásì, ọmọ Òjó, ẹsẹ̀ mi ti wú, dókítà sì ti ń fa àwọn ọmọ mi sí kọ̀rọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, Sewanu ọmọbìnrin Zinsu ọ̀rẹ́ mi, tó ń gbé ẹ̀kọ mímu wá fún mi láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, kò ní lè pẹja nínú ọ̀sà wa títí ayé. Àwọn àgbà ló fòfin de ìdílé wọn. Irọ́ mi ló sì mú wọn ṣòfin ọ̀hún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Ẹyẹ Omi. Kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀ ni òyìnbó kan gbé ọkọ̀ òfuurufú dé, ọkọ̀ tó wọ bàtà gígùn méjì tó fi ń bà lórí omi; òun la sọ ní Ẹyẹ Omi. Kì í kó lẹ́tà, kì í kó ẹrù. Afẹ́ lásán ló wà fún! Ó ń kó àwọn akọ̀wé àtàwọn ìyàwó wọn láti Èkó wá sinmi létí òkun wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ọjà Agbalata tú, àwọn ìyá wa fi ọjà sílẹ̀ lórí àtẹ. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, ọkọ̀ ti di méjì, wọ́n ti kọ́ ilé pákó sétí omi, àwa mẹ́sàn-án la sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń bà sí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ri igi síbẹ̀. Láràárọ̀ ni màá fi ọ̀pá tọ ìsàlẹ̀ omi wò. Bó bá mọ́, màá gbé àsíá funfun sókè.

Ojúmìító ni èmi, ẹ ò lè mú un kúrò lára mi. Kí ni àwọn èèyàn yìí ń rí lókè tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálẹ̀? Mo da òyìnbó láàmú títí ó fi ní kí n wọ ọkọ̀, ó sì gbé mi lọ sókè. Háà! Ilé mi ò ju páálí ìṣáná lọ. Mo wá wo ojú ọ̀nà tí mò ń ṣọ́. Ẹja! Ẹja ṣú dúdú níbẹ̀! Níwọ̀n ìgbà tí wọn ò jẹ́ kẹ́nì kankan pẹja níbẹ̀, gbogbo ẹja ọ̀sà ló ti sá wá síbẹ̀. Kò sí apẹja kan ní gbogbo Àgbádárìgì tó tíì wo ọ̀sà láti òkè rí, àfi èmi.

Àwórì ni mí, àwọ̀n la mọ̀. Àwọn Ègùn ló mọ àkàjà: wọ́n á ri ẹ̀ka igi jọ sínú omi kí ẹja lè fi ṣelé, bó bá yá wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Olúkúlùkù ló ní kókó okùn tó ń ta sára igi tirẹ̀ kí wọ́n lè mọ olóhun. Zinsu ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. "Họntọn ṣie," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, ọ̀rẹ́ òun, "ìwọ kì í ṣe àlejò." Ó kọ́ mi ní kókó tirẹ̀ pẹ̀lú. N kò mọ ẹlòmíì tó kọ́.

Nígbà ìkún omi, èmi olùṣọ́ ri àkàjà sójú ọ̀nà tí mò ń ṣọ́. N kò ta kókó kankan sí i. Omi jìn, ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀, ẹja sì ń wọlé. Mo mọ̀ pé omi á fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ni ò mọ̀? Ọ̀la ni màá fà á tu, ọ̀la ni màá fà á tu. Olójúkòkòrò ni mí.

Lọ́sẹ̀ Kérésìmesì mo gbé àsíá funfun sókè láìfi ọ̀pá tọ omi. Mo rò pé omi ṣì bo igi dáadáa. Ọkọ̀ bà, bàtà rẹ̀ kan ya, ó sì dojú dé. Òyìnbó wà nínú rẹ̀, Tíṣà Babátúnjí àti aya rẹ̀ Jẹ̀mílátù tó lóyún wà níbẹ̀. Mo dúró bí òpó. Zinsu tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe létí omi ló bẹ́ sómi, ó gbé aboyún jáde, ó padà lọ gbé àwọn tó kù.

Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀. Bí Zinsu ṣe ń tọ́jú aboyún létí bèbè, tí gbogbo èèyàn pé lé wọn lórí, mo fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ mi lọ sídìí igi wọ̀nyẹn, mo sì ta kókó Zinsu sí mẹ́ta nínú wọn. Èmi, ọmọ èèyàn!

Ọlọ́pàá rí kókó. Zinsu wo okùn, ó wò mí. "Fàsásì, ìwọ lò ń ṣọ́ ibẹ̀. Ṣé o rí mi níbẹ̀ rí?"

Mo ní, "Kókó ta wá nìyí?"

Ọlọ́pàá mú Zinsu lọ. Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, kò lo oṣù méjì nílé tó fi kú. Òyìnbó ní òun ò lè fi ẹ̀mí èèyàn wewu níbi tí wọ́n ti ń ri igi sọ́nà; ó gbé ọkọ̀ tó kù lọ, ó ti ilé pákó pa. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà fòfin de ìdílé Zinsu.

Nígbà tí mo sọ èyí tán lọ́jọ́ Jímọ́, mo rò pé Sewanu tó wà láàárín wọn á kígbe. Ó dìde, ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ okùn ìko kan tó ti gbó. "Ọ̀kan nínú kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé, bàbá mi ló tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́, òsì ni kókó rẹ̀ ń yí sí. Ọ̀tún ni eléyìí yí sí."

Bàbá Ọládàpọ̀, olórí apẹja, ní, "O ti mọ̀ pé òun ni?"

"Ó pé ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin Bàbá Fàsásì so àgbò Iléyá mọ́gi lójú mi. Kókó bàbá mi lẹ ta, ọ̀tún ló yí sí. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ẹnu yín ni mò ń dúró dè."

Ọdún mẹ́sàn-án! Ó sì ń gbé ẹ̀kọ wá.

Àwọn àgbà ti dá ọ̀sà padà fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa ṣe lọ́la, ẹ dákun ẹ ṣe é lónìí. Sewanu ò tíì ní òun foríjì mí, kò sì sọ pé òun ò ní foríjì mí. Láti ọjọ́ Jímọ́, ẹ̀kọ ò dé. Mo ní kí wọ́n gbé ẹní mi sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.