Ọmọ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìtàn Peder Skarvang

Ẹ̀yin ọmọ mi, Túnmiṣe àti Démiládé, kí wọ́n tó là mí láyà lọ́jọ́ Ẹtì, òtítọ́ kan tó há mi lọ́fun bí egungun ẹja gbọ́dọ̀ jáde. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe nǹkan bàbàrà mọ́ ní Houston yìí. Ọkàn tí wọ́n fẹ́ tún ṣe yẹn gan-an ni kò balẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ọ̀bẹ. Ìyá yín rò pé nítorí ọ̀bẹ ni. Lánàá ó jókòó tì mí, ó ní, "Daddy Túnmiṣe, ẹ ò jẹun, ẹ ò sùn. Ṣé surgery yìí náà ni? Ẹ jẹ́ ká call Wòlíì, kí wọ́n gbàdúrà fún yín." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Bí Yorùbá mi bá le jù fún yín, òun ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín, torí òun náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Olúbùkọ́lá, nígbà tó o bá kà á dé ìsàlẹ̀, o lè má fẹ́ jókòó tì mí mọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi nínú ìjọ. Láti Spring títí dé League City, káàkiri agbègbè Houston yìí, bí ẹnì kan bá kú láàárín wa, èmi ni mo máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí à ń kà síta níbi ìsìnkú. Mo sì mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀mùtí á di ẹni tó fẹ́ràn àlejò. Òpùrọ́ á di ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bá ará ilé sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ á di oníwà jẹ́jẹ́. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá Túnmiṣe ti tún fi òróró kun òkú." Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé irọ́ kékeré tí à ń pa fún òkú a máa mọ́ọ̀yàn lára.

Níbi ìsìnkú Ẹnjiníà Tájù, tó ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí òfuurufú ní Clear Lake, ni Olivia ti gbọ́ ohùn mi. Ìyá àgbà òyìnbó ni, òun àti Tájù jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó ní bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ òkú wu òun, pé baba ńlá òun, Peder Skarvang, jẹ́ lọ́yà àti òṣèlú ní Norway ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ẹbí sì fẹ́ péjọ láti rántí rẹ̀. Ó ní ṣé mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, inú mi dùn kọjá àlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí díẹ̀, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ atukọ̀ ni, nítòsí Bergen ni wọ́n bí i sí. Ó kàwé òfin ní Christiania, ìlú tí wọ́n ń pè ní Oslo lónìí. Nígbà tó di lọ́yà, àwọn àgbẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ń fìyà jẹ ló ń gbẹjọ́ wọn rò, àwọn àgbẹ̀ náà ló sì dìbò fún un tó fi wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọba kan ṣoṣo ló ń jẹ lórí Norway àti Sweden nígbà náà, àwọn mínísítà ọba kì í sì í yọjú sílé ìgbìmọ̀ láti dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni. Peder dìde, ó ní ẹni tó bá ń ṣe olórí èèyàn, kó jáde wá, kó dáhùn. Ó tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan yìí títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí wọ́n gbà níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ di mínísítà, ó jáde wá, ó sì dáhùn. Orí mi wú bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olivia po kọfí fún mi ní kíṣìnì rẹ̀. Mo bi í pé ọmọ mélòó ni bàbá náà fi sáyé lọ, torí ìtàn òkú ilé wa kò pé láìsí ìyẹn. Ó ní mẹ́rin. Ó wá ń ro kọfí rẹ̀ láìmu ún. Ó ní, "Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ọmọ kan wà kó tó gbéyàwó. Ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn ló bí i fún un. Nils lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi í sọ́kọ̀ wá sí Texas, a ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é." Ẹ gbọ́ o, kò ní kí n yọ ọ́. Èmi ni mo dáhùn pé, "Màmá, nílé wa, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ." Òwe rere ni, ibi tí kò dáa ni mo lò ó sí. Ara tù ú, ó gé kéèkì fún mi.

Kò pẹ́ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cornelius gbọ́ pé mò ń kọ ìtàn Peder, ó sì wá mi wá. Òyìnbó ni òun náà, bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ wẹ́dà ní Spring. Zoe, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wà á wá, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Sir, Nils ló bí ìyá mi àgbà. Ìyá àgbà yìí ló tọ́ mi. Ó máa ń sọ fún mi pé mínísítà ni bàbá bàbá òun ní Norway, àwọn èèyàn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà bá mi pe Nils mọ́ àwọn ọmọ yòókù." Gbólóhùn kan ló yẹ kí n sọ, pé Olivia náà mọ̀ nípa Nils. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wo ojú arúgbó yìí, mo ní ẹbí kò mọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mò ń bọ̀ wá sórí ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ ọmọ Skarvang kún gbọ̀ngán kan ní Clear Lake. Mo kà á, wọ́n pàtẹ́wọ́, pàápàá níbi tí Peder ti ní kí olórí jáde wá, kó dáhùn. Mo ní ó fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ, mo sì pè wọ́n lórúkọ. Mo rí i tí Cornelius dìde lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ lé èjìká Zoe. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sir, ṣé kò sí ẹnì karùn-ún?" Olivia wò mí, ó la ẹnu. Mo sáré sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo ní, "Mo ti wádìí ẹ̀ dáadáa. Kò sí. Ìtàn tí àwọn arúgbó fi ń tu ọmọdé nínú ni." Olivia pa ẹnu dé. Cornelius ní, "Ẹ ṣé, sir," ó sì rọra jókòó. Ìkà ni mí. Ìdáhùn tí Peder ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn olórí ní gbogbo ayé rẹ̀ ni arúgbó yẹn bèèrè lọ́wọ́ mi, èmi tó ń yin Peder sì purọ́ fún un.

Orí freeway ni mo wà nígbà tí Zoe pè mí. Ó ní, "Bàbá mi ti kú. Mo ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí wọ́n ní ẹ bá àwọn sòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò sọ ìtàn Nils fún àwọn ọmọ mi mọ́. Ohun tó kàn dùn wọ́n títí wọ́n fi kú ni pé ìyá àgbà tí wọ́n fẹ́ràn purọ́ fún wọn." Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọjọ́ náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ọmọ òyìnbó tó ti kú tipẹ́. Bí Cornelius ṣe dìde yẹn, Bísọ́lá ni mo rí. Kí n tó wá kàwé ní Houston, kí n tó mọ ìyá yín, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ṣàgámù bímọ fún mi. Ẹ mọ ọmọ náà. Òun ni Sister Bísọ́lá tó máa ń pè yín lórí WhatsApp nígbà Kérésì, tí mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè máa pè yín ní Daddy?" Mo ní Uncle náà dáa. Uncle ló ń pè mí títí dòní. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ka Nils mọ́ ọmọ, ẹnì kan á ní èmi ńkọ́, mélòó ni tèmi.

Mo ti sọ fún Olivia, ó sunkún, ó ní òun á pe Nils lórúkọ níwájú gbogbo ẹbí. Mo ti sọ fún Zoe náà. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá mi báyìí?" Olúbùkọ́lá, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa kọ ìtàn òkú lẹ́yìn mi, ẹ lè bu iyọ̀ sí ìyìn, ẹ má yọ ọmọ. Túnmiṣe, bí mi ò bá jí lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ ni kó o ka tèmi. Má fi òróró kùn mí. Bó o bá dé ibi ọmọ, má sọ pé méjì, Bísọ́lá ni kó o sì kọ́kọ́ pè.

Fóònù mi ń dún ní pálọ̀. Ìyá yín ti gbé e, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Daddy Túnmiṣe, Bísọ́lá ló ń pè láti Ṣàgámù o. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe surgery fún Uncle òun." Ẹ jẹ́ kí n fi bírò sílẹ̀, kí n jáde lọ dáhùn.