Iṣẹ́ Màmá Tí Mo Gbé Sọnù Lọ́nà

Wọ́n ní Màmá Gladys ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọmọ wọn síta… wọ́n ní ìyàwó dúró lójú títì pẹ̀lú báàgì ọmọ lọ́wọ́… pé iyè ìyá náà ti ń ra díẹ̀díẹ̀… hẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi o.

Báyìí ni Àǹtí Jemilat, aránṣọ tó wà níwájú ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó, ṣe ń sọ ọ́ kiri nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ má bá wọn wí. Ẹnu èmi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja; lónìí ni n ó yọ ọ́.

Ọ̀rẹ́olúwa ni orúkọ mi. Màmá Gladys ló bí ìyá mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń gbé. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìdí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo sì jókòó sí dàgbà. Ojú máa ń tì mí débi pé bí àlejò bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń dá lóhùn. Àwọn tí mo lè bá sọ̀rọ̀ láìwolẹ̀ kò ju Angela àti àbúrò rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ Bọ̀dá Báyọ̀, ọmọkùnrin Màmá.

Bọ̀dá Báyọ̀ àti ìyàwó wọn, Àǹtí Yéwándé, jọ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Aago márùn-ún tí wọ́n ní àwọn yóò fi wá kó wọn a di ìgbà tí ọmọ ti sùn lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́. Kò pẹ́, ó mú Sátidé mọ́ ọn. Àárín ìgbà yìí ni Alàgbà Septimus, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́bàá CMS, wá sọ fún Màmá pé Màmá ni yóò dá ẹsẹ kan kọ lọ́jọ́ ìkórè. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Màmá ti ń retí irú rẹ̀. Ọmọ títọ́ ni kò jẹ́. Ìdánrawò orin sì bọ́ sí Ọjọ́rú àti Sátidé.

Nílé wa, ìyá ọkọ kì í kojú ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ tó le, kó má baà di ìjà. Ó máa ń rán ẹnìkan ni. Màmá pè mí, wọ́n pín ọ̀sẹ̀ wọn, wọ́n yọ ti ọmọ, wọ́n yọ ti orin. Wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́ fún Àǹtí Yéwándé, wọ́n sì mú kí n tún un kà títí ó fi dá ṣáká lẹ́nu mi. Wọ́n ní, "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi í jẹ́. Àmọ́ kí o ṣáà jẹ́ ẹ o."

Mo bá Àǹtí níbi iṣẹ́ wọn l'Óníkan. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ yìí, ta ni n ó tún máa bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Sátidé? Ni mo bá ní Màmá sọ pé kò sí wàhálà, kí wọ́n ṣáà máa gbé ọmọ wá. Àǹtí dì mọ́ mi. Mo délé, mo ní wọ́n ti gbọ́. Ẹ ò rí mi bí? Mo ń pè é ní ìtìjú, ìmọ̀-tara-ẹni-nìkan ni.

Màmá tún rán mi, mo tún gbé e sọnù. Nígbà tó di Sátidé kan, Àǹtí gbé àwọn ọmọ dé, wọ́n bá Màmá níta, ìwé orin lábíyá, ilẹ̀kùn ti di títì. Màmá ní, "Yéwándé, mo ránṣẹ́ sí ẹ, mo tún ránṣẹ́." Wọ́n sì kọjá lọ sí ìdánrawò. Àǹtí yíjú sí èmi tí mo ń gbálẹ̀ níwájú ilé, wọ́n bi mí bóyá Màmá rán mi níṣẹ́ kankan.

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Màmá ti ń gbàgbé nǹkan."

Àǹtí Jemilat wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń gbọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti gbọ́. Bọ̀dá Báyọ̀ ní àwọn yóò kó Màmá lọ sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n tún lọ bẹ Alàgbà Septimus pé kí wọ́n fi ẹsẹ orin náà fún ẹlòmíràn, kí ìyá àwọn má baà gbàgbé ọ̀rọ̀ níwájú ìjọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Màmá jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnnì, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé mo rán ẹ lóòótọ́, àbí mo kàn rò ó lọ́kàn ni?" Èmi tí mo mọ̀, ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹsẹ orin náà jẹ́jẹ́, wọ́n ń dán iyè ara wọn wò. Wọn kò fo ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀ wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìdílé pé jọ sí pálọ̀ láti sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe kó Màmá lọ. Alàgbà Septimus náà wà níbẹ̀. Mo dìde. Mo di ẹ̀yìn àga mú. Mo ní, "Èmi ni. Màmá rán mi. Iyè wọn pé ju tèmi lọ." Mo wá jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi, ọ̀rọ̀ kan kò bọ́ nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ohùn ara mi láàárín èèyàn.

Bọ̀dá Báyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wọn. Àǹtí Yéwándé ní ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rán mi ni, àwọn ìbá ti wá ẹni tí yóò máa wo ọmọ lọ́jọ́ méjì tó kù. Ta ló ní àwọn ò ní gbà? Mo kúnlẹ̀. Màmá na ìka sí mi: "Mo ní kí o fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ta ló ní kí o gbé e sọnù lọ́nà?" Ẹ̀rín ló sì gba ẹnu wọn. Lójú ẹsẹ̀ ni Alàgbà Septimus dá ẹsẹ orin wọn padà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ojú ń tì, ìtìjú kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó gbé iṣẹ́ àgbà mì, ohùn àgbà ló jí. Màmá ti dárí jì mí; ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Lọ́jọ́ ìkórè, Màmá jáde síwájú nínú aṣọ akọrin. Nígbà tí wọ́n gbé ohùn sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá dìde láti wo ẹni tó ń kọ ọ́. Angela gun orí àga, ó ń pariwo pé ìyá àgbà òun nìyẹn. Ta ni yóò dá a lẹ́kun?

Níta, Àǹtí Jemilat, tí Màmá fúnra wọn pè wá, sún mọ́ Àǹtí Yéwándé, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyá kọ ọmọ. Kí ni Màmá tiẹ̀ sọ gan-an? Àǹtí Yéwándé gbé àbúrò Angela sáyà, wọ́n jẹ́ kí gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́:

"Màmá ní, 'Sọ fún Yéwándé pé ẹyinjú mi ni àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, kó gbé wọn wá, kó sì wá kó wọn ní aago márùn-ún. Ọjọ́rú àti Sátidé, tèmi ni. Orin tí mo fi ń rẹ ọmọ ti tó. Ó ku èyí tí ìjọ yóò gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, kó má sọ pé mo kọ ọmọ. Kó sọ pé mo lọ kọrin.'"