Àjẹ́ Inú Kíṣìnnì

Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gun àtẹ̀gùn ilé yìí láìdúró mí, Zainab… ìgbà yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Ṣé fóònù yẹn ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Sún un sẹ́yìn, kí ọbẹ̀ má ta sí i. Kó o sì máa gé elégédé yẹn lọ. Èmi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ọbẹ̀ òní o. Àlùbọ́sà pàápàá, mi ò ní bó o. Ìwọ ni wàá ṣe gbogbo ẹ̀. Mà á sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ kó tó jinná.

O ní o ti di kitchen witch. O rí wọn lórí fóònù, àwọn ọmọge tó ń ro ọbẹ̀ nígbà tí igi bá ń wọ́wé, tí wọ́n ń tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. O wá ń rẹ́rìn-ín sí mi, o ní, "Grandma, it's just soup, innit." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọbẹ̀ ni. Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó mi? Àmọ́ gbọ́.

Peckham ní London tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Lónìí o lè jáde sí Rye Lane, kó o ra iṣu, kó o ra ata rodo, kó o di irun, kó o tún rí ẹni tó máa bá ẹ jà ní Yorùbá. Nígbà yẹn ńkọ́? Àwa tá a wà lórí estate yìí, a mọ ara wa níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé epo kaná, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa gbọ́ òórùn ẹ̀. Òtútù ń pa wá. Oòrùn ilé ń wù wá. A sì ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan.

Ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa yẹn, ibẹ̀ ni Dóríìnì ń gbé. Òyìnbó ni. Obìnrin tó sanra díẹ̀, tó máa ń wọ épúrọ́ọ̀nù láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Terry, ọmọ yẹn sì kú sómi ní Deptford, lápá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí láyé àtijọ́. Kì í sọ ọ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló sọ fún mi. Àmọ́ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, tí bàbá àgbà ẹ náà wà ní shift, òun ló ń bá mi wo màmá ẹ àti àbúrò ẹ̀, Wàsíù. Bẹ́ẹ̀ ni, Uncle Wàsíù tó ń bọ̀ lónìí yìí náà. Ọmọ kékeré ni nígbà yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún bámúbámú.

Ọdún kan, ìyá mi kú nílé. Irú àkókò yìí náà ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí aago sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí tí òtútù bá ń bọ̀, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú. Kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti sin ín. O mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í gbé òkú pẹ́. Mi ò rí ojú ẹ̀. Mi ò bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo kàn ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì oní-ọ́fíìsì, omi ojú ń bọ́ sínú báàkẹ́ẹ̀tì.

Dóríìnì pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó wojú mi, ó ní, "Wọlé." Mo gbé Wàsíù dání, mo wọlé. Ìkòkò wà lórí iná… ìkòkò tó wà níwájú ẹ yẹn náà ni o, ti Dóríìnì ni. Elégédé ló wà nínú ẹ̀, àti àlùbọ́sà, àti kárọ́ọ̀tì, àti ápù kan tó gé wẹ́wẹ́, àti ewé tútù yẹn, èyí tó ní irun lára bí etí ehoro. Mo bi í bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "Rárá, darling, ewébẹ̀ ni gbogbo ẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní tí wọ́n bá ti kórè tán, tí ilẹ̀ fẹ́ sùn, àwọn tó ti lọ máa ń súnmọ́ tòsí. Ó ní èèyàn á máa ro ọbẹ̀ náà sápá ọ̀tún, bí oòrùn ṣe ń lọ, á máa dárúkọ ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń fà sí. Á bu abọ́ kan kalẹ̀ fún ẹni náà. Àmọ́ ẹni tó sè é ò gbọdọ̀ dá a jẹ. Ẹnì kan láti ilé mìíràn gbọ́dọ̀ bá a jẹ níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dà bíi pé kò sè é. Ó ní láti ìgbà tí Terry ti lọ, kò sẹ́ni tó bá òun jẹ ẹ́ rí. Ó ń wò mí. Ojú ẹ̀ pọ́n.

Kí ni mo rò nígbà yẹn? Mo ní sàráà ni. Ṣé kì í ṣe ohun táwa náà ń ṣe nìyẹn? A ó sè, a ó pe èèyàn, wọ́n á jẹ, a ó ṣàdúà fún òkú. Mo ní bisimilai, mo jẹ ẹ́. Ó bi mí pé kí lorúkọ ìyá mi. Mo ní Àṣàbí. Ó gbìyànjú ẹ̀… "Assa-bee." Ẹnu ẹ̀ ò gbé e. Àmọ́ nínú gbogbo London yìí, òun nìkan ló dárúkọ ìyá mi lọ́jọ́ yẹn. Mo sunkún débi pé ó rẹ̀ mí. Wàsíù ń bẹ lórí itan mi, ó gba ṣíbí, ó jẹ tiẹ̀, ó tún bèèrè sí i.

Rò ó, má jẹ́ kó jóná. Sápá ọ̀tún.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá ọkọ mi wá láti Ìṣẹ́yìn. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ju ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ. Kò gbọ́ òyìnbó rárá, ìlú yìí sì ń dẹ́rù bà á. Ó máa ń jókòó sójú fèrèsé, á ní, "Ìyàwó, àwọn igi yìí ti kú tán. Kí ló pa wọ́n?" Mo ní, "Ìyá, wọn ò kú, wọ́n á tún rúwé." Kò gbà.

Dóríìnì gbọ́ pé àlejò dé. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, ó wá kanlẹ̀kùn. Ó fẹ́ kí ìyá ọkọ mi káàbọ̀ ni. Ìyá yọjú wo inú ìkòkò, ó wo ewé, ó fajú ro. Dóríìnì rí i pé ó ń fura, ó bá rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fi ṣàwàdà. Ó ní, "Tell her not to worry, I'm only a kitchen witch."

Màmá ẹ ló wà níbẹ̀. Òun ló máa ń túmọ̀ fún ìyá àgbà ẹ̀, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i, ọmọ iléèwé tó mọ̀wé. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ohùn òyìnbó ẹ̀ yẹn, kò yọ nǹkan kan kúrò, kò fi kún un. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní kẹ́ ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n ní àjẹ́ inú kíṣìnnì làwọn."

Ṣé o gbọ́? Àjẹ́. Inú kíṣìnnì.

Ì bá sàn ká ní ó sọ pé àjẹ́ lásán ni. Nílé wa, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní àjẹ́, inú oúnjẹ ni wọ́n ń fi í sí. O jẹ ẹ́, ìwọ náà dà á. Ó parí. Òyìnbó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé ti inú kíṣìnnì lòun, ọbẹ̀ gbígbóná sì rèé lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá ò pariwo. Ó ní, "Aúsù bílàhì," ohùn ẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Dóríìnì lójú. Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé ẹ ti jẹ nínú ọbẹ̀ obìnrin yìí rí?"

Kí n tó lanu, Wàsíù fò sókè. "Èmi jẹ ẹ́! Ó dùn gan-an! Màmi náà jẹ ẹ́!"

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní Ìyá, witch tí tọ̀hún ń wí kì í ṣe àjẹ́ tiwa. Ó ní, "Ó dáa. Kí wá ni Yorùbá ẹ̀?" Mo wá a… mi ò rí i. Zainab, títí dòní mi ò tíì rí i. Kí ni mo fẹ́ pè é? Alásè? Onísàráà? Ìyá bá mi orí. Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Òtútù mú Wàsíù lọ́sẹ̀ yẹn. Ọdọọdún lòtútù ń mú un, àyà ẹ̀ ò lágbára, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ́ ọdún yẹn, ọbẹ̀ ni wọ́n ní ó fà á. Èmi ni wọ́n kà á sí lọ́rùn. Ìyá ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́, búrẹ́dì àti tíì tó fọwọ́ ara ẹ̀ pò ló ń mu títí tó fi lọ. Nígbà tó sì fẹ́ lọ, ó ní òun ò ní fi Wàsíù, ọmọ ọmọ òun, sílẹ̀ síbí. Bàbá àgbà ẹ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kì í lè dá ìyá ẹ̀ lóhùn. Ó ní, "Kó kàn lọ gba oòrùn díẹ̀ ni. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, á padà." Màmá ẹ ti wà ní iléèwé, wọ́n fi òun sílẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, Wàsíù ń juwọ́ sí mi, ó rò pé eré la fẹ́ ṣe.

Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ò dé mọ́.

Nígbà tí mo ráyè lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó ti ga. Yorùbá ẹ̀ já gaara. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá London." Èmi tí mo bí i o. Mo wọ kíṣìnnì, mo se ìrẹsì, mo se ọbẹ̀ ẹja, mo bù ún fún un tó kún abọ́. Ó gbà á tọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́, ó bọ́ síta. Mo yọjú lójú fèrèsé… ó ń dà á fún àwọn adìyẹ. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó tún dọ̀bálẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìyá ní mi ò gbọdọ̀ jẹ ohun tó bá tọwọ́ yín wá."

Wọn ò kọ́ ọmọ yẹn ní ìwà burúkú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Tó bá ṣàfojúdi sí mi, mo lè bínú. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí ọmọ tó ń bẹ̀ mí lórí ìdọ̀bálẹ̀?

Mo padà síbí. Àwọn obìnrin orí estate ti gbọ́, tí wọ́n bá rí Dóríìnì, wọ́n á fa ọmọ wọn mọ́ra. Kò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ó bi mí pé Wàsíù ńkọ́, mo ní ó lọ gba oòrùn. Mi ò sọ fún un rí. Ṣé kí n sọ pé ọ̀rọ̀ àwàdà ẹnu ẹ̀ ló gbé ọmọ mi lọ? Obìnrin tí omi ti gbé tiẹ̀? Ní ọdọọdún tí igi bá ti ń wọ́wé, mo máa ń lọ bá a jẹ ọbẹ̀ ẹ̀. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Ó máa ń bu abọ́ kan fún Terry, ó sì máa ń bu ọ̀kan fún Wàsíù. Ó ní kì í ṣe òkú nìkan ló jìnnà.

Nígbà tó kú, ìkòkò yìí ló ní kí wọ́n gbé fún mi. Ní báyìí, àwọn àlejò tó ń háyà ilé fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n ń fa àpótí, ló ń sùn nínú flat ẹ̀, lónìí ẹni yìí, lọ́la ẹni yẹn. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn ẹnì kan mọ́ nínú ilé yìí.

Wàsíù wá kí mi lọ́jọ́ Ajé. Látìgbà tó ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa tẹ ilé yìí nìyẹn. Ó mú ọmọ ẹ̀ wá sí yunifásítì, ọ̀dọ̀ màmá ẹ ní Kennington ló dé sí. Irun ẹ̀ ti ń funfun, Zainab. Ó jókòó sórí àga yẹn. Mo bu omi fún un, ó yọ ike omi tiẹ̀ nínú báàgì. Mo ní kí n dáná, ó ní òun ti yó wá. Mo nawọ́ dàbínù sí i, dàbínù lásán, tí ẹnikẹ́ni ò sè. Ó ní "Ẹ ṣé, mà," ó fi í sápò.

Ó dà á fún ẹyẹ nísàlẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, kó o sì fi sọ́kàn. Pe ara ẹ ní ohun tó bá wù ẹ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ. Àmọ́ níwájú Uncle ẹ, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu ẹ, yálà ní òyìnbó tàbí ní Yorùbá. Tó bá bi ẹ́ pé kí lèyí, sọ pé ọbẹ̀ elégédé ni. Tó bá bi ẹ́ pé ta ló sè é, sọ pé ìwọ ni. Kì í ṣe irọ́. Ìwọ lo bó o, ìwọ lo gé e, ìwọ lo fi iyọ̀ sí i. O rí i pé orí itan mi lọwọ́ mi wà látàárọ̀. Tó bá ní kó o búra, búra.

Èmi á wà nínú yàrá. Sọ fún un pé mò ń kírun. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn tán, mà á ṣí i sílẹ̀ díẹ̀, kí n lè máa gbọ́ ìró ṣíbí.

Ìyẹn… ṣé ẹnu ọ̀nà nìyẹn? Wàsíù ni. Pa iná ọbẹ̀. Ó dáa, ó dáa, mo ti ń lọ. Bá mi mú ọ̀pá mi.

Bu tiẹ̀ kó kún.