Ìró Ilẹ̀kùn Ayàwòrán

Mo ń tẹ ewé gbígbẹ níwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ìró ẹsẹ̀ ni mò ń ṣe fún géèmù wa, nígbà tí ọmọ àbúrò mi wọlé láìkànkùn. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ náà, n kò fẹ́ gbé e wọ sàréè. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ àbúrò mi ni ọ̀gá. Ọkùnrin tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́ ló ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ọmọbìnrin ayàwòrán kan ló ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí. Èmi àgbà, mò ń ṣe ìró. "Bàbá," ọmọ àbúrò mi ní, "ẹnìkan tí kò fi ojú àti orúkọ hàn ti ń gbá géèmù wa lórí ayélujára, a ò sì tíì parí rẹ̀. Inú yàrá yìí ni olè náà wà." Mo ní, "Ó mà ṣe o." Èmi ni olè náà. Mo ti fún àbúrò ìyàwó mi ní ẹ̀dà kan, kí ó lè mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì tán lọ́wọ́ mi. Fáàrí lásán.

Láti ìgbà náà, ara ń fu kálukú. Jẹ́jẹ́ yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ògiri. Ẹni tó bá jáde lọ gba ìpè, a ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ayàwòrán nìkan ló ṣì ń bá gbogbo wa ṣàwàdà. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, àna yín tó máa ń gbá géèmù fún aráyé wò ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ló wà?" Ẹ̀rín ló ń rín. Mo ní àlàáfíà ni, mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọmọ àbúrò mi wá dá ọgbọ́n kan. "Ilẹ̀kùn kan wà nínú géèmù yìí tí kò sẹ́ni tí kò ní ṣí i. Bàbá, ẹ fún ẹ̀dà kálukú ní ìró ilẹ̀kùn tirẹ̀. Èyí tí a bá gbọ́ lóde ni yóò tú àṣírí ẹni tó ni ín. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni kó mọ̀ ọ́n." Ó fi ọ̀bọ ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fún Jẹ́jẹ́ ní ìró irin, mo fún ayàwòrán ní ti igi tó ń ké. Bí mo bá ti dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Àna mi pè. "Bọ̀ọ̀dá, àwọn tó ń wò mí ń béèrè apá tuntun. Bí kò bá sí, màá sọ ibi tí mo ti rí ti àkọ́kọ́ o." Mo fi ìró ilẹ̀kùn ayàwòrán sínú ẹ̀dà tèmi, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo padà sídìí ewé gbígbẹ mi. Ìyẹn ló burú jù.

Nígbà tí apá tuntun náà jáde lórí ayélujára, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ gbọ́ ọ. Igi náà ké. Ọmọ àbúrò mi wo ayàwòrán. "Tìẹ nìyẹn."

"Èwo ni tèmi? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn wa yàtọ̀." Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe ìró. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Mo wúkọ́. Jẹ́jẹ́, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ní, "Ṣebí mo ti ní ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù." Ayàwòrán kó ẹrù rẹ̀ sápò. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá." Èmi nìkan ló kí. Gbogbo ibi tó ti wáṣẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ti pe ọmọ àbúrò mi láti béèrè ìwà rẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbà pé òtítọ́ ni. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òun kò tiẹ̀ jalè rí.

Ọmọ mi ayàwòrán, forí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi irun funfun ṣe ẹ̀rí. Lánàá ni mo jẹ́wọ́ fún ọmọ àbúrò mi. Ó ní, "Bàbá, géèmù náà ti jáde tipẹ́." Ó ṣì ń tà. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ló ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Nínú àwa tí a ṣe é, orúkọ ẹni mẹ́ta ló wà ní ìparí rẹ̀.